Agbálẹ̀ Inú Ọpọlọ: Ìtàn Kokéènì àti Àwọn Tó Wádìí Rẹ̀

  Bí ẹ bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀, ẹ fara balẹ̀, kò kúkú síbi tí ẹ ń lọ. Bó bá sì jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń kà á, ẹ rọra kà á, ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá ti ń lo kokéènì fún ọdún mélòó kan, tí kò sì lè fi í sílẹ̀ mọ́, kí ló ń ṣe é gan-an? Ládùúgbò wa, ìdáhùn mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní ìwà burúkú ni, kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Àwọn kan á ní wọ́n fi nǹkan ṣe é ni. Àwọn tó kù á ní kò kàn fẹ́ jáwọ́ ni, pé lọ́jọ́ tó bá wù ú, á fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn lásán, torí pé ohun tá a bá pe ìṣòro ẹni yẹn ló máa sọ ibi tá a máa gbé e lọ: àtìmọ́lé ni o, orí òkè ni o, ọ̀dọ̀ dókítà ni o.

Ó gba àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí ìdáhùn tó nítumọ̀. Díẹ̀ lára àwọn tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn sì fara gbá nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Ara ewé koka ni kokéènì ti ń jáde, igi kékeré kan tó ń hù lẹ́bàá òkè Andes, ní Peru, Bolivia àti Colombia. (Kì í ṣe kókó táwọn bàbá wa fi kọ́lé l'Óǹdó o. Orúkọ ló jọra.) Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan táwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹ ewé náà lẹ́nu bí àwọn àgbà wa ṣe ń jẹ obì, kó lè lé ebi àti oorun lọ, kí wọ́n lè gun òkè. Kokéènì tó wà nínú ewé yẹn kéré. Bóyá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi fi "díẹ̀díẹ̀" yẹn sọ́kàn, a ó padà débẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1860, Albert Niemann, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Göttingen ní Jámánì, yọ èròjà náà kúrò nínú ewé, ó di lúbúlúbú funfun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí wọ́n bá fi kan ahọ́n, ahọ́n á kú. Láti ibẹ̀, kò pẹ́ tó fi dọ́jà. Ní Paris, Angelo Mariani ti po ewé koka mọ́ wáìnì, ó ń tà á bí oògùn agbára, Póòpù Leo Kẹtàlá pàápàá fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Ní Atlanta lọ́dún 1886, John Pemberton po ohun mímu tó pè ní Coca-Cola. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: coca ni ewé koka, cola sì ni obì, obì wa tá a fi ń gbàlejò. Kokéènì díẹ̀ wà nínú rẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1903.

Ṣùgbọ́n Vienna ni mo ń lọ. Lọ́dún 1884, dókítà ẹni ọdún 28 kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sigmund Freud. Bẹ́ẹ̀ ni, Freud tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn náà ni, àmọ́ kò tíì di gbajúmọ̀. Kò lówó lọ́wọ́, ó ní àfẹ́sọ́nà kan, Martha Bernays, tó fẹ́ fi ṣaya, ó sì ń wá ohun kan ṣoṣo tó máa jẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe agùnbánirọ̀ tán tí ẹ kò tíì ríṣẹ́, mo mọ̀ pé ó yé yín. Ó ra kokéènì, ó kọ́kọ́ lò ó fúnra rẹ̀. Àárẹ̀ kúrò, ara yá gágá. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ó gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó fi gbé kokéènì gẹ̀gẹ̀. Lára ohun tó sọ ni pé ó lè gba ẹni tí mọ́fínì ti di bárakú fún sílẹ̀.

Ó sì ní ẹni tó fẹ́ fi ṣèrànwọ́ fún. Ernst von Fleischl-Marxow, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, tó ju Freud lọ lọ́jọ́ orí àti nípò, tí Freud sì fẹ́ràn gan-an. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń la òkú fún àyẹ̀wò. Egbò náà kẹ̀, wọ́n ní láti gé àtàǹpàkò rẹ̀. Iṣan ojú egbò náà kò yéé wú, kò sì yéé dùn ún. Mọ́fínì ló ń lò fún ìrora yẹn títí mọ́fínì fi di bárakú.

Freud fún un ní kokéènì. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ó dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n tó ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, títí ó fi tó nǹkan bíi gíráàmù kan lójúmọ́. Àwọn òru kan wà tí Freud jókòó tì í mọ́jú. Ọkùnrin yìí á máa rí ejò funfun tó ń rákò lára òun, á máa ṣa kòkòrò tí kò sí níbẹ̀ kúrò lára awọ rẹ̀. Mọ́fínì kò sì lọ. Ó di méjì. Ó kú lọ́dún 1891, ẹni ọdún 45.

Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé Freud kò fẹ́ ibi fún un rárá. Ara tirẹ̀ ló fi ṣe òṣùwọ̀n. Òun lò ó, kò gbé òun lọ, ó wá rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí lára gbogbo ènìyàn. Gbólóhùn yẹn náà ni mo ṣì ń gbọ́ lóde àríyá lónìí: "Èmi ti tọ́ ọ wò rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Òótọ́ ni lẹ́nu Freud náà.

Kí n má fi ire tó wà níbẹ̀ pamọ́ o. Ọ̀rẹ́ Freud kan, Karl Koller, ronú lọ́dún kan náà pé tí nǹkan yìí bá lè mú ahọ́n kú, ó lè mú ojú náà kú. Ó dán an wò lójú ẹranko, ó dán an wò lójú ara rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ojú tó ń ta ẹni ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ìròyìn náà délé dóko láàárín oṣù díẹ̀.

Ó dé New York, ó bá dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, William Halsted. Bẹ́ẹ̀ ni òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ fa kokéènì sára ara wọn, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe lè pa apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan kú láìjẹ́ pé aláìsàn sùn. Ohun tí wọ́n ṣàwárí wúlò. Dókítà eyín tó ń gún yín lábẹ́rẹ́ lónìí, iṣẹ́ wọn ló ń lò. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, kokéènì ti gba Halsted lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1885, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, gbólóhùn àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sì lọ́ mọ́ra débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ń wí. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, wọ́n ń fi mọ́fínì tọ́jú rẹ̀.

Ẹni yìí ló wá di ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Òun ló mú kí ìbọ̀wọ́ onírọ́bà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́ Amẹ́ríkà níṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀, mọ́fínì kò fi í sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Osler, kọ àṣírí náà sínú ìwé kan tí wọ́n tì pa, ọdún 1969 ni wọ́n tó ṣí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé nìkan ni bárakú ń mú, Halsted ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí.

Títí di ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí. Ọdún 1954 ni ilẹ̀kùn kọ́kọ́ ṣí, ní yunifásítì McGill ní Montréal, àṣìṣe ló sì ṣí i. James Olds àti Peter Milner ń fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ eku. Wáyà kan bọ́ síbi tí wọn kò pète rẹ̀ sí. Wọ́n rí i pé eku yẹn ń padà lọ sí igun ibi tí wọ́n ti fún un ní iná mànàmáná díẹ̀ náà, bí ẹni tó ń wá sí i. Wọ́n wá ṣe ọ̀pá kékeré kan tí eku lè fúnra rẹ̀ tẹ̀. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́ ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ láàárín wákàtí kan.

Ní Sweden, ní òpin àwọn ọdún 1950 síwájú, Arvid Carlsson fi hàn pé èròjà kan tó ń jẹ́ dópámìnì ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọpọlọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000. Ojú ọ̀nà dópámìnì ni apá tó pọ̀ nínú ibi tí wáyà àwọn ará Montréal ń kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé báyìí. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í fara kanra, àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ìkejì, á da dópámìnì sínú àlàfo náà. Dópámìnì á wọ ojú àgádágodo lára sẹ́ẹ̀lì kejì, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Lẹ́yìn náà, agbálẹ̀ kan wà lára sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó máa gbá dópámìnì tó ṣẹ́kù padà wọlé, kí ojú ilẹ̀ mọ́ de iṣẹ́ mìíràn. Agbálẹ̀ yìí ni kokéènì ń dì mú. Kò jẹ́ kó gbálẹ̀. Dópámìnì á kún àlàfo náà bámúbámú, sẹ́ẹ̀lì kejì á máa gba iṣẹ́ kan náà léraléra. Lọ́dún 1987, Michael Kuhar àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore fi hàn pé bí oògùn kan nínú ìdílé kokéènì bá ṣe lè di agbálẹ̀ yìí mú tó ni ẹranko ṣe máa ń ṣiṣẹ́ kára láti rí i gbà tó.

"Díẹ̀díẹ̀" tá a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Tí ewé bá wà lẹ́nu, agbálẹ̀ kàn ń falẹ̀ ni. Èyí tí wọ́n fín símú máa ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Kíráàkì tí wọ́n ń fà bí èéfín, ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń dé ọpọlọ. Bó bá ṣe yára tó ni ó ṣe ń gbá ni mú tó.

Ṣùgbọ́n ṣé adùn ni dópámìnì? Ọ̀pọ̀ fídíò lórí fóònù yín ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ní Switzerland, Wolfram Schultz ń gbọ́ ohùn sẹ́ẹ̀lì dópámìnì nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Bí ó bá fún ọ̀bọ ní omi èso lójijì, sẹ́ẹ̀lì náà á pariwo. Tí ó bá kọ́kọ́ tan iná kó tó fún un lómi èso, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, iná ni sẹ́ẹ̀lì á máa pariwo fún, kò ní ka omi èso sí mọ́. Bí iná bá tàn tí omi kò dé, sẹ́ẹ̀lì á dákẹ́ lọ ráúráú. Ẹ ronú nípa álẹ́ẹ̀tì owó oṣù. Ohùn "kírín" yẹn gan-an ló ń mú inú yín dùn, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ dé ọjà. Olùkọ́ ni dópámìnì. Ohun tó ń sọ ni pé, "Èyí dára ju bó o ṣe rò lọ, rántí ibi tó o ti rí i." Ohun gidi, bó bá ti mọ́ra, olùkọ́ á dákẹ́. Kokéènì kì í jẹ́ kí olùkọ́ dákẹ́. Nígbà ẹgbẹ̀rún tó bá lò ó, ohùn yẹn á ṣì máa ké pé ó dára ju bó o ṣe rò lọ, kódà nígbà tí kò dára mọ́.

Ibi tó yẹ ká jókòó sí pẹ́ nìyí: kí ni ọdún gbọọrọ ń ṣe? Nora Volkow ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Ọmọ Mexico ni, àtọmọdọ́mọ Leon Trotsky ni, inú ilé tí wọ́n ti pa ọkùnrin náà ní ìlú Mexico lọ́dún 1940 ló sì ti dàgbà. Ní àwọn ọdún 1980, ó wà ní Houston, ní Texas, ó ń fi ẹ̀rọ PET wo ọpọlọ àwọn tó ń lo kokéènì. Ẹ̀rọ náà máa ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dé hàn. Ó rí i pé àwọn ibì kan wà lórí àwòrán náà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa, pàápàá níwájú ọpọlọ, ẹ̀yìn eegun iwájú orí wa yìí. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé kokéènì kò léwu tó bẹ́ẹ̀, oògùn àwọn olówó àti àwọn òṣèré ni. Wọn kò tètè gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1988 ló tó jáde.

Ó kó lọ sí ilé ìwádìí Brookhaven ní ìpínlẹ̀ New York, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú àgádágodo dópámìnì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní D2. Lára àwọn tó ti lo kokéènì pẹ́, wọ́n dín kù. Ó bọ́gbọ́n mu tẹ́ ẹ bá rò ó: bí aládùúgbò bá ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo tọ̀sán-tòru, fèrèsé lẹ máa tì. Ọpọlọ ti fèrèsé rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fèrèsé kan náà ni ohun tó kù láyé ń gbà wọlé: oúnjẹ, ẹ̀rín ọmọ, góòlù tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín gbá wọlé. Gbogbo rẹ̀ á di ohun tó ń rọra sọ̀rọ̀ lókèèrè. Lọ́dún 1993, wọ́n tún fi hàn pé ẹni tí D2 rẹ̀ bá kéré, iwájú ọpọlọ rẹ̀ náà kì í ṣiṣẹ́ tó. Iwájú ọpọlọ yẹn ni bíréèkì wa. Òun ló ń sọ pé "dúró ná" nígbà tí ọwọ́ bá ti ń nà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọdún 1997. Wọ́n fún àwọn tó ti jáwọ́ nínú kokéènì ní oògùn kan tó ń di agbálẹ̀ yẹn mú bíi ti kokéènì, wọ́n sì fún àwọn tí kò lò ó rí náà. Ta lẹ rò pé ó gbádùn jù? Àwọn tí kò lò ó rí ni. Dópámìnì tó tú jáde lára àwọn tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ kéré gan-an, ìgbádùn wọn sì kéré. Ìfẹ́ láti tún lò ó nìkan ló ru sókè. Nítorí náà, ẹni tẹ́ ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn kò ń jayé jù yín lọ. Kò rí adùn náà mọ́, ó kàn ń wá a ni.

Lọ́dún 1999, Anna Rose Childress ní Philadelphia fi fídíò kan han àwọn tó ti jáwọ́, fídíò àwọn tó ń lo kokéènì. Kò sí oògùn kankan lára wọn. Síbẹ̀, inú ọpọlọ wọn, níbi tí ìrántí àti ẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé, gbiná. Bẹ́ẹ̀ ni òpópónà kan, ọ̀rẹ́ kan, orin kan ṣe lè fa ẹni tó ti jáwọ́ fún oṣù mẹ́fà padà.

Kì í ṣe oògùn nìkan ló ń yí D2 padà o. Ní yunifásítì Wake Forest, Michael Nader àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀bọ tó ti ń dá gbé sínú ilé mẹ́rin-mẹ́rin. Kò pẹ́, ọ̀gá yọ, ọmọ abẹ́ náà yọ. D2 àwọn ọ̀gá lọ sókè, ti àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ kò yí padà. Nígbà tí wọ́n gbé kokéènì wá, àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ ló lò ó jù. Ọdún 2002 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ yẹn jáde, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo aṣòfin kà á.

Torí àwọn aṣòfin kò dúró de sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí Len Bias, ọmọ agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, kú nípa kokéènì lóṣù kẹfà ọdún 1986, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Boston Celtics mú un, Amẹ́ríkà sáré ṣòfin. Gíráàmù 5 kíráàkì, tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tálákà, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Lúbúlúbú tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó, ó di gíráàmù 500 kó tó di ọdún márùn-ún kan náà. Agbálẹ̀ kan náà ni méjèèjì ń dì mú. Ọdún 2010 ni wọ́n tó dín àlàfo yẹn kù. Wọ́n tún pariwo pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ lo kíráàkì nínú oyún ti bàjẹ́ láéláé. Dókítà Hallam Hurt tẹ̀ lé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Philadelphia fún ohun tó lé lógún ọdún, ó sì fi wọ́n wé àwọn ọmọ tálákà tí ìyá wọn kò lò ó. Ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Ipò òṣì ló ń fa àwùjọ méjèèjì sẹ́yìn.

Nílé wa níbí, ìjọba ológun ṣe òfin Decree 20 lọ́dún 1984. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ní Kirikiri nítorí oògùn olóró. Àwọn tó ń gbé e kọjá ni wọ́n, kì í ṣe àwọn tó ń lò ó, mo mọ̀. Àmọ́ òfin tó dá NDLEA sílẹ̀ lọ́dún 1989 kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún ẹni tí wọ́n bá bá kokéènì lọ́wọ́ tàbí tó bá lò ó. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe, tó wo ọdún 2017 sí 2018, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Igbó ló pọ̀ jù, tramadol àti codeine tẹ̀ lé e. Kokéènì kò pọ̀. Ẹ̀wọ̀n mélòó la máa kọ́?

Ó ku ìbéèrè tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bọ́n tàbí àbúrò nínú rẹ̀ ń dúró dè: ṣé ọpọlọ lè padà? D2 kì í tètè padà. Volkow ṣì rí i pé ó kéré lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin tí ẹni náà ti jáwọ́. Àwọn aláṣẹ oògùn Amẹ́ríkà kò sì tíì fọwọ́ sí oògùn kankan fún bárakú kokéènì. Èyí tó ṣiṣẹ́ jù rọrùn débi pé ó ń bí àwọn kan nínú. Ní yunifásítì Vermont, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Stephen Higgins ní kí àwọn tó ń gba ìtọ́jú máa wá ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí kò bá sí kokéènì nínú rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n á fún wọn ní ìwé tó ní iye owó lórí. Bó bá mọ́ léraléra, iye á máa lọ sókè. Bó bá sì bàjẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1994, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gba ìwé yìí ló parí ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ 24. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 40 ni.

Àwọn kan bú wọn pé wọ́n ń sanwó fún ẹni burúkú kó lè ṣe rere. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi ìwé náà gbà ná. Wọn kì í fún wọn lówó lọ́wọ́. Àwọn kan gba kẹ̀kẹ́, àwọn kan gba ìwé àṣẹ láti lọ fi ìwọ̀ pẹja. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ti fèrèsé mọ́ gbogbo adùn tó kù, ó wá ń jí ní àárọ̀ Sátidé, ó ń gbé ìwọ̀ lọ sétí adágún.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.